Ejò tó tóbi jù kọ́ ló ń pẹ́ láyé jù: èsì fún ọ̀dọ́kùnrin kan ní Òkè-Fíà

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Fíà níbí ní Òṣogbo ni mò ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Houston ní ejò kan nílé tí wọ́n ń pè ní kingsnake. Ó ní ó ti pé ọdún 23, ó sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Èmi náà ń sin erè kan láti ọdún 6 sẹ́yìn. Awọ tó bá bọ́ ni mo máa ń fi téèpù wọ̀n. Kò tíì ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ, ó sì ti tó ọdún 2 tí kò gùn sí i mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa fún un ní eku lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta kó lè di òjòlá. Àwọn mìíràn ní ejò kì í kú ikú ogbó, pé bó bá ti bọ́ awọ, ó tún di ọmọdé nìyẹn. Ṣé èmi ni mi ò mọ ìtọ́jú rẹ̀? Àbí kí n ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi ẹyin kingsnake ránṣẹ́ sí mi?"

Àbúrò mi, inú mi dùn pé o béèrè kí o tó ṣe ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wí. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ rẹ, ohun tó ń dùn ọ́ ni pé ejò ẹ̀gbọ́n rẹ tóbi, ó sì ti dàgbà, tìrẹ sì dúró sójú kan, o wá ń rò pé ọwọ́ rẹ ni kò dáa. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń tọ́jú ejò, nínú ọgbà ẹranko àti nínú ilé ara mi. Erè tó gùn tó bí o ṣe sọ yẹn, bó bá ń jẹun, tí awọ rẹ̀ sì ń bọ́ lódidi láìfàya, ara rẹ̀ le. Ó ti dàgbà tán ni. Ohun tó wé mọ́ra nínú ìbéèrè rẹ ni títóbi àti pípẹ́ láyé. O mú méjèèjì bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ohun tí ènìyàn ń ṣe láti fi ipá mú ejò tóbi gan-an ló sábà máa ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú.

Jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ kingsnake bẹ̀rẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ nínú igbó wa, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, oríṣiríṣi ló sì wà. Lampropeltis ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún gbogbo wọn pọ̀. Kò lóró. Ó máa ń fún ohun tó bá mú títí ẹ̀mí á fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń jẹ ejò ẹgbẹ́ rẹ̀, títí kan rattlesnake, ejò olóró ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí gbogbo ènìyàn ń sá fún, nítorí oró ejò yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi í joyè ọba. Ti California ló wọ́pọ̀ jù nínú ilé àwọn tó ń sin ejò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni ẹ̀gbọ́n rẹ ní. Bí ti California yìí bá dàgbà tán, sẹ̀ntímítà 90 sí 120 ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń jẹ́. Ìbátan rẹ̀ tó wà ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ló máa ń ga jù ú, èyí tó gùn jù tí wọ́n kọ sílẹ̀ nínú irú yẹn sì jẹ́ sẹ̀ntímítà 208. Ẹsẹ̀ bàtà 6 tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ jẹ́ sẹ̀ntímítà 183. Nítorí náà, ọdún 23 yẹn, mo gbà á láìjanpata: kingsnake tí a tọ́jú dáadáa sábà máa ń lo ọdún 15 sí 20, àwọn kan sì ti kọjá 30. Gígùn rẹ̀ ni mi ò tíì gbà títí wọn yóò fi wọ̀n ọ́n níṣojú mi.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ṣeé ṣe kí òun náà máa wọn awọ bíi tìrẹ. Awọ tó bọ́ kì í sọ òótọ́ gígùn ejò. Mú un lọ́wọ́, kí o gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé: wàá rí i pé ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan láàárín òun àti èkejì. Lára ejò, ìpẹ́ gorí ara wọn bíi páànù òrùlé, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn sì ká sábẹ́ wọn. Nígbà tí ejò bá ń bọ́ ọ, ńṣe ló ń yí i sódì bí ìbọ̀sẹ̀ tí a fà kúrò lẹ́sẹ̀, gbogbo ibi tó ká á sì nà tán. Mo ti fi okùn wọn erè kan lówùúrọ̀ tí ó jẹ́ sẹ̀ntímítà 112, mo tẹ́ awọ tó bọ́ lóru ọjọ́ yẹn sórí sìmẹ́ńtì, ó di 139. Ejò kan náà ni o. Awọ ẹsẹ̀ bàtà 5 tìrẹ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 152, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ejò fúnra rẹ̀ máà ju 125 lọ. Bí o bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gan-an, dúró di ìgbà tí oúnjẹ bá ti dà lára rẹ̀, jẹ́ kó nà sílẹ̀ bó ṣe wù ú, kí o wá máa fi okùn tẹ̀ lé egungun ẹ̀yìn rẹ̀ láti imú dé ṣóńṣó ìrù, kí o tó gbé okùn náà lé téèpù. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, torí kò ní dúró jẹ́ẹ́ fún ọ. Má fà á o. Mo mọ àwọn tó ń di orí mú, tí ẹnì kejì ń fa ìrù, egungun ẹ̀yìn ni wọ́n ń ṣe léṣe.

Ọ̀rọ̀ òjòlá ńkọ́? Erè tìrẹ kò lè di òjòlá láé, bí o tilẹ̀ ń fún un ní òkété lójoojúmọ́. Orúkọ wọn ló máa ń dà pọ̀ lẹ́nu wa, ibì kan wà tí wọ́n ti ń pe méjèèjì ní erè, ṣùgbọ́n ẹ̀yà méjì ni wọ́n. Òjòlá máa ń gùn ní mítà 3 sí 5 bó bá dàgbà. Erè kékeré tí à ń sọ yìí, èyí tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù tí yóò fi orí pamọ́ sáàárín bí ẹ̀rù bá bà á, sẹ̀ntímítà 90 sí 120 ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń dé, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dé 150. Python regius ni àwọn onímọ̀ ń pè é, regius sì túmọ̀ sí ti ọba. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe ń sin ọba ni ìwọ náà ń sin ọba, tìrẹ tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, torí láti Senegal títí dé Uganda ni wọ́n ti ń rí i.

Nínú ẹ̀yà kan náà, ohun àkọ́kọ́ tó ń pinnu bí ejò yóò ṣe tóbi ni ìran tó ti wá, èkejì ni bóyá akọ ni tàbí abo. Ní ti kingsnake, akọ ló máa ń gùn jù, torí àwọn akọ máa ń jìjàkadì nítorí abo. Ní ti erè, abo ló ń tóbi jù, torí òun ló máa gbé ẹyin sínú. Bí tìrẹ bá jẹ́ akọ, ó ti ga fún akọ. Ohun kẹta ni ọdún 3 tàbí 4 àkọ́kọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ejò ń sáré dàgbà, èyí tí ebi pa tàbí tí kòkòrò inú jẹ nígbà náà kì í sábà lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá mọ́. Lẹ́yìn tó bá ti tó bímọ, ìdàgbà rẹ̀ yóò rọra, yóò máa jẹ́ díẹ̀ díẹ̀ tí ojú kò ní tètè rí. Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé ejò kì í dẹ́kun dídàgbà kò purọ́, àmọ́ ohun tó ń gùn lẹ́yìn ọdún 6 kò ju kí ènìyàn wọ̀n ọ́n lónìí kó tún wọ̀n ọ́n ní ọdún méjì kó tó rí ìyàtọ̀.

Ní ti pé ejò ń di ọmọdé bó bá bọ́ awọ, mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wá. Ẹni tó bá rí erè lọ́jọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ, tó ń dán bí ìgbà tí a fi epo pa á, yóò gbà pé ó ti tún un bí. Àmọ́ awọ òde nìkan ló pààrọ̀. Kíndìnrín rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ọkàn rẹ̀, ti tẹ́lẹ̀ náà ni gbogbo wọn. Ejò ń gbó, jẹjẹrẹ ń mú un, kíndìnrín rẹ̀ ń ṣíwọ́ iṣẹ́, ó sì ń kú. Ohun tó fi ń pẹ́ ju eku tó ń jẹ lọ ni pé ara rẹ̀ kì í jó oúnjẹ kíákíá. Oòrùn àti ilẹ̀ gbígbóná ló ń fún un ní ooru, kò ní láti máa jẹun lójoojúmọ́ kí ara rẹ̀ lè móoru bíi tiwa. Nínú igbó, àṣá, ọ̀nì, iná oko àti àdá ọmọ ènìyàn ló ń pa á kó tó gbó. Bó bá wà nínú àpótí, gbogbo ìyẹn ti kúrò lọ́nà, ó wá ku ohun tí olùtọ́jú rẹ̀ bá ṣe sí i.

Ibi tí mo fẹ́ kí o dúró sí dáadáa nìyí. Ejò tó gùn jù lọ tí ènìyàn wọ̀n nínú àwọn tí wọ́n ń sìn ni Medusa, òjòlá ilẹ̀ Éṣíà kan tó wà ní Kansas City, tí wọ́n wọ̀n ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, tó sì jẹ́ mítà 7.67. Òun kọ́ ló pẹ́ jù láyé. Ní ọgbà ẹranko Philadelphia, ejò boa kan tí wọ́n ń pè ní Popeye kú ní ọdún 1977 lẹ́yìn tó ti lé ní ọdún 40. Bẹ́ẹ̀ ni ní ọgbà ẹranko Saint Louis, ejò kan wà tí ẹnì kan fi fún wọn ní ọdún 1961. Ní oṣù keje ọdún 2020, ó yé ẹyin 7, láìjẹ́ pé ó rí akọ fún ohun tó ju ọdún 15 lọ. Wọ́n ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀, ó kéré tán ọdún 62. Kò sí ejò mìíràn nínú ọgbà ẹranko tí wọ́n tíì kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sílẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀. Irú ejò wo ni? Erè ni, Python regius, irú èyí tó wà nínú àpótí rẹ ní Òkè-Fíà. O ń wo kingsnake ẹ̀gbọ́n rẹ tó pé ọdún 23, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yà tìrẹ ló gba ipò kìíní.

Kí ló wá ń pa wọ́n lọ́dọ̀ wa? Oúnjẹ àpọ̀jù wà lára ohun tó ń ṣe é, èmi náà sì ti ṣe é rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ní abo erè kan tí mo fẹ́ràn gidigidi. Bó bá ṣe ń jẹ eku ni inú mi ń dùn, mo sì ń fún un lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún. Ó sanra, àwọn àlejò ń yìn ín. Nígbà tó yá, bó bá ká jọ, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àárín ìpẹ́ rẹ̀ máa ń hàn síta lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí ìrù rẹ̀ sì wú. Agbára ni mo pè é. Ó kú ní ọdún kẹsàn-án tó dé ọ̀dọ̀ mi, láàárọ̀ ọjọ́ kan, láìṣàìsàn tí mo rí. Nígbà tí mo là á, ọ̀rá funfun kún inú rẹ̀ láti àyà dé ìrù, ó tò bí ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀dọ̀ ejò yẹ kó pọ́n dúdú kó sì le díẹ̀ lọ́wọ́. Tirẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹ̀kọ tí epo dà sí, mo fi ìka kàn án, ó fọ́. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tún fi jíjẹ ṣe ìdíwọ̀n ìlera ejò mọ́. Ẹni tó ń fún ejò lóúnjẹ lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta lè rí i kó tètè gùn lọ́dún kìíní, àmọ́ ọ̀rá ló ń rà lẹ́yìn ìyẹn, ọdún ló sì fi ń san án.

Nítorí náà, erè tó ti dàgbà bíi tìrẹ, eku kan lọ́sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ti tó. Kí eku náà máà nípọn ju ibi tí ara ejò ti nípọn jù lọ. Kingsnake máa ń tètè da oúnjẹ, wọ́n lè fún èyí tó ti dàgbà ní oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 10 sí 14, má fi àkókò tiwọn ṣe tìrẹ. Bí tìrẹ bá kọ oúnjẹ fún oṣù kan tàbí méjì, pàápàá bó bá jẹ́ akọ, má bẹ̀rù, má sì fi ipá fi eku sí i lẹ́nu. Ó wà nínú ìwà erè. Ìgbà tó bá ń rù lójú ló tó bẹ̀rù. Eku tó ti kú ni kí o máa fún un. Eku ààyè tí a fi sílẹ̀ sínú àpótí mọ́jú lè jẹ erè lẹ́yìn títí egungun á fi hàn, mo ti tọ́jú irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Eku tí wọ́n mú nínú ilé tún lè ti jẹ oògùn eku kó tó kú, nítorí náà èyí tí wọ́n ń sìn ni kí o rà.

Ooru ni ọ̀rọ̀ kejì, òun ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín Òṣogbo àti Houston fi hàn jù. Apá kan àpótí yẹ kó jẹ́ dígírì 30 sí 32, apá kejì nǹkan bíi 26, kí ejò lè yan èyí tó wù ú. Ní oṣù kejì àti ìkẹta, yàrá olórùlé páànù lè kọjá 36 lọ́sàn-án. Iná kò wúlò nígbà náà, òjìji àti afẹ́fẹ́ ló nílò, ooru tó bá ti ń lọ sí 40 lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀. Nígbà ọyẹ́, òru máa ń tutù, afẹ́fẹ́ sì ń gbẹ, awọ yóò wá máa bọ́ ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ, nígbà mìíràn yóò kù sójú rẹ̀. Fi àpótí kékeré kan tó ní aṣọ tútù nínú sí i kó lè máa wọ ibẹ̀, má sì fi ọwọ́ ṣí èyí tó kù sójú. Bí NEPA bá mú iná lọ lóru ọyẹ́, ike omi gbígbóná tí o fi aṣọ wé yóò gbé e dé àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ lè sọ fún ọ pé òun máa ń gbé kingsnake síbi tútù, dígírì 10 sí 15, fún oṣù 2 tàbí 3 lọ́dún. Òótọ́ ni, torí ibi tí òtútù ti ń mú ni ejò tirẹ̀ ti wá, ó mọ sísùn nígbà òtútù. Erè kò mọ̀ ọ́n. Àyà ni òtútù bẹ́ẹ̀ máa bá a jà, yóò máa la ẹnu mí, itọ́ á máa hó lẹ́nu rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹyin kingsnake. Má ṣe é. Ẹyin ejò kò dà bí ẹyin adìyẹ tí a lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ọmọ inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ apá kan, bí wọ́n bá yí i po, ó lè kú síbẹ̀. Kíkó ẹranko wọ ìlú láìgba àṣẹ ìjọba sì lòdì sófin. Bó bá tilẹ̀ dé láàyè, kò lè bá erè rẹ gbé. Àwa Yorùbá ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, ṣùgbọ́n kingsnake tí o bá fi ejò mìíràn tì, oúnjẹ lo fi tì í, kódà bó jẹ́ kingsnake ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tó sì ń bà mí lẹ́rù jù ni bó bá jáde. Ní erékùṣù Gran Canaria ti ilẹ̀ Spain, kingsnake California tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn ín ti di ará igbó, láti ọdún 1998 ni wọ́n ti ń rí i, ó sì ti jẹ aláǹgbá ńlá tí kò sí níbòmíràn láyé dórí pé wọ́n ṣọ̀wọ́n níbi tó bá dé. Ronú kan irú rẹ̀ nínú koríko létí odò Ọ̀ṣun.

Erè tó wà lọ́wọ́ rẹ ni kí o mú dàgbà. O kò sọ ibi tí o ti rà á, àmọ́ bó bá jẹ́ pé láti inú igbó ni wọ́n ti mú un, kò sí ẹni tó lè wo ojú rẹ̀ kó sọ ọdún tó ti lò kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó lè jẹ́ ọdún 2, ó lè jẹ́ 10. Nítorí náà mi ò lè ṣèlérí ọdún 40 fún ọ. Ó tún ṣeé ṣe kó ti gbé aràn wá láti igbó. Gba ìgbẹ́ rẹ̀ tútù sínú ike mímọ́, kí o gbé e lọ fún dókítà ẹranko kó yẹ̀ ẹ́ wò. Díẹ̀ ni àwọn tó mọ ejò tọ́jú nínú wọn níbí, ṣùgbọ́n ẹni tó lè fi ẹ̀rọ awò wo aràn adìyẹ lè wo ti ejò náà. Yẹ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ wò fún kòkòrò tín-ín-tín dúdú bí ẹ̀rún èédú. Bó bá sú ọ lọ́jọ́ kan, má jù ú sígbó, torí àrùn tó lè ti kó nínú ilé yóò ran àwọn tó wà níbẹ̀. Wá ẹni tó mọ̀ ọ́n sìn. Má sì ra òmíràn lọ́wọ́ àwọn tó ń kó wọn láti inú igbó tà létí títì, a ti kó wọn jù.

Ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, kí erè náà tó jẹun, fi í sínú àpò aṣọ, kí o gbé e lé òṣùwọ̀n, kí o yọ ìwúwo àpò kúrò, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó jẹun àti ọjọ́ tó bọ́ awọ. Bí ìwúwo bá ń lọ sókè lóṣooṣù tí gígùn kò sún, dín eku kù. Bó bá ń lọ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, jẹ́ kí n gbọ́. Fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ láti òkè nígbà tó bá nà gbọọrọ, kí n lè wo bí ìdí ìrù rẹ̀ ṣe rí.